Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Kí Aago Méjìlá Tó Lù

Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń kọ̀wé sí ojú ewé yìí nínú ìwé ìròyìn wa. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì gba Camberwell kọjá ló kọ ọ́. Ṣáájú tiwọn, nọ́ọ̀sì àgbà kan ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni èmi. Nígbà tí mo sọ fún olóòtú pé mo fẹ́ kọ tèmi, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ? Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó o fi fẹ̀yìn tì?" Mo ní ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe é, ó sì ti parí, mi ò ní padà sídìí ẹ̀ mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí mo bá ń ṣàlàyé ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Tí ẹ̀rù bá ń bà mí, àlàyé ni mo máa ń ṣe, ẹ̀rù sì ti ń bà mí látìgbà tí mo ti jókòó ti ìwé yìí. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe ni mo ń kọ ọ́ fún. Ẹnì kan ṣoṣo tún wà tí mo ń kọ ọ́ fún, màá dárúkọ wọn tó bá yá.

Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni a máa ń ṣe. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà ò gba àlàyé: mo jáde yunifásítì, mo kọ lẹ́tà káàkiri títí ó fi sú mi, màmá mi bá Uncle Múfú tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Uncle sì ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Owó tí wọ́n ń san tó mi í wọkọ̀, ó sì tó mi í jẹun. Ìyẹn tán.

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù wa, lókè ilé alágbàfọ̀ kan nítòsí Rye Lane. Látàárọ̀ dalẹ́ ni ooru áyọ́ọ̀nù wọn máa ń gba ilẹ̀pákó gòkè wá bá wa. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Uncle ń lo ọ̀kan, èmi ń lo ọ̀kan, ẹ̀kẹta wà lẹ́nu ọ̀nà fún àwọn èèyàn wa tí wọ́n bá fẹ́ ká bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Uncle ló ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún agency kan tó ń rán àwọn olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó. Lórí ẹ̀ ni àwọn olùtọ́jú náà ti máa ń gba shift, ìyẹn ọjọ́ àti aago tí wọ́n máa ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń dá a padà tí ọ̀nà ò bá gbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìyá àti aunty wa ni. Àwọn tí ojú wọn ò gbe lẹ́tà wínníwínní orí fóònù ló máa ń gun àtẹ̀gùn wá bá wa.

Uncle Múfú ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Iwájú orí ni awò ojú wọn máa ń wà, wọ́n á sì máa wá a. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi mí nípa server, ìyẹn ẹ̀rọ tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń gbé inú ẹ̀, pé, "Akẹ́kọ̀ọ́gboyè, tí èèyàn bá kúrò ní ojú ewé kìíní tó bọ́ sí ìkejì, kí ni server ṣì rántí nípa ẹ̀?"

Mo ní, "Orúkọ ẹ̀, sà, àti ohun tó kọ."

"Irọ́. Kò rántí nǹkan kan. Ńṣe ló máa kí i bí ẹni tí kò rí i rí." Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí ilẹ̀. "Sọ̀ kalẹ̀. Lọ jókòó sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Má bá wọn ṣe nǹkan kan. Kó o sáà máa wò."

Inú bí mi. Mo ti gboyè, mo wá jókòó sórí àpótí nínú ooru aṣọ. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, nítorí mo rò pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí mo gòkè padà, wọ́n ní, "Kí lo rí?"

"Aṣọ, sà."

"O ò rí nǹkan kan. Padà síbẹ̀ lọ́la."

Ọjọ́ kejì ni mo tó rí i. Oníbàárà á kó aṣọ wá, alágbàfọ̀ á fún un ní bébà pélébé tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀, á sì gbé aṣọ náà kọ́ sẹ́yìn. Oníbàárà ò mú nǹkan kan lọ ju nọ́ńbà yẹn lọ. Tó bá padà wá, alágbàfọ̀ ò ní wo ojú ẹ̀, bébà ni á wò. Ohun tí à ń pè ní session nìyẹn. Server máa ń fún kọ̀ǹpútà ẹni tó wọlé ní nọ́ńbà kan, á wá tọ́jú orúkọ ẹni náà àti ohun tó ń ṣe sínú fáìlì kan ní ẹ̀yìn. Ní gbogbo ojú ewé tí ẹni náà bá ṣí, nọ́ńbà yẹn ni kọ̀ǹpútà á fi hàn, server á wá lọ wo fáìlì náà kó tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Tí bébà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì ńkọ́?" Uncle bi mí.

"Aṣọ olówó aṣọ ni wọ́n máa kó fún un, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti ń gbọ́n." Wọ́n ní kí n fi bírò kọ ọ́, kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lókè kọ̀ǹpútà kẹta: ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kó parí, kó jáde, kí ẹlòmíì tó jókòó. Mo fi bírò aláwọ̀ pupa kọ ọ́, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Wọ́n le. Tí mo bá ṣe nǹkan tó ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò yé mi, wọ́n á pa á rẹ́ lójú mi. Tí mo bá ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́ o, sà," wọ́n á ní, "Aago tó ti kú náà máa ń bá àkókò mu lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́." Wọn ò fẹ́ kí nǹkan ẹlẹ́ni pẹ́ ní ẹ̀yìn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí àṣírí àwọn èèyàn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ètò kan tó ń gbálẹ̀: ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tí aago méjìlá ọ̀sán bá lù, á kó gbogbo session ọ̀sẹ̀ tó kọjá dànù. Uncle kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ó mọ́." Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún ayọ̀. Mo mọ̀ pé kò tó nǹkan tí èèyàn ń sunkún sí, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì wo iṣẹ́ mi kó sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Uncle máa ń sọ fún mi bí iṣẹ́ náà ṣe ń yí padà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, inú àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lókè ojú ewé gan-an ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sí, ẹni tó bá yọjú lẹ́yìn rẹ á kà á. Fáìlì ló dé lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́yìn fáìlì, àwọn tó lówó ra ohun tó yára jù ú lọ, Uncle ò rà á. Nígbà tó yá, fóònù gbòde, àwọn oníbàárà wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀yìn dà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wá sọ fún wa pé ọmọ àbúrò òun sọ ohun tó fẹ́ fún ẹ̀rọ kan tó ń kọ ètò fúnra ẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ṣe gbogbo ẹ̀ tán láàárín ọ̀sán kan.

Uncle ní, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn mọ ẹni tó ń bọ̀ wá lò ó?"

Oníbàárà ní, "Kí ló kàn án?"

Agency yẹn nìkan ló wá ṣẹ́ kù tó ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà ró.

Ẹni tí mo ní màá dárúkọ ni Aunty Ràmọ́tà. Bàbá òyìnbó kan ní Sydenham ni wọ́n ń tọ́jú láràárọ̀. Àwọn ló máa ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ló ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ló ń ṣe tíì rẹ̀. Tí wọ́n bá wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n á pariwo, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka méjì jẹun!" Uncle á dáhùn pé, "Ìka mẹ́ta ni, Ràmọ́tà, mo ti kọ́ ọ̀kan sí i."

Ọjọ́ Rú kan ni wọ́n wá. Wọ́n ní dókítà máa wo ojú wọn ní ọsibítù Camberwell láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà wọ́n fẹ́ dá shift ọjọ́ Ẹtì padà, kí agency lè tètè rán ẹlòmíì lọ sọ́dọ̀ bàbá. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kẹta, wọ́n dúró tì mí. Ojú ewé mẹ́ta ni. Mo mú ọjọ́ Ẹtì ní ojú ewé kìíní. Mo kọ ìdí rẹ̀ ní ìkejì. Ó ku ìkẹta, níbi tí a ti máa tẹ "Mo gbà". Fóònù wọn dún. Màmá wọn ló pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Mò ń bọ̀, ọmọ mi," wọ́n bọ́ sórí àtẹ̀gùn níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa.

Ìgbà yẹn ni Mummy Ṣọlá wọlé. Olùtọ́jú ni àwọn náà, wọ́n sì dàgbà ju Aunty Ràmọ́tà lọ dáadáa. Àtẹ̀gùn ti gba gbogbo èémí wọn. "Ọmọ mi, bọ́ọ̀sì mi ti ń bọ̀. Wo ọjọ́ Ẹtì fún mi, Surrey Quays. Ṣé aago mẹ́jọ ni àbí mẹ́sàn-án? Mi ò ní jókòó."

Ohun tó yẹ kí n sọ ò ju pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún." Kò jáde lẹ́nu mi. Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ẹ̀ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n tọ́ mi pé tí àgbà bá wà lórí ìdúró tí èmi sì wà lórí ìjókòó, mo ti jẹ gbèsè nìyẹn. Kí n wá tún ní kí wọ́n dúró dè mí? Ojú ń tì mí ṣáájú kí n tó sọ ọ́. Ìwé tí mo fi bírò pupa kọ wà lókè orí mi lára ògiri. Mo ṣí ojú ewé mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Aunty Ràmọ́tà, lórí kọ̀ǹpútà kan náà, mo fi orúkọ Mummy Ṣọlá wọlé, mo wo ọjọ́ Ẹtì.

"Aago mẹ́jọ ni, mà."

"Ọlọ́run á gbé ẹ ga." Wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Aunty Ràmọ́tà padà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Màmá mi ní kí n sọ fún dókítà pé kárọ́ọ̀tì ló ń wo ojú sàn." Mo padà sí ojú ewé tiwọn. Orúkọ wọn ṣì wà lókè ẹ̀ gàdàgbà. Mo tẹ "Mo gbà". Ó ní òun ti gbà á. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn rèé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà kan ní. Bí mo ṣe fi orúkọ Mummy Ṣọlá wọlé, aṣọ Mummy Ṣọlá ni wọ́n gbé kọ́ sí orí nọ́ńbà náà. Orúkọ Aunty tí mo rí lójú ewé, ìkọ̀wé àtijọ́ ni, kò tíì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ọjọ́ Ẹtì tí mo dá padà, ti Mummy Ṣọlá ni. Ti Aunty Ràmọ́tà wà níbẹ̀ digbí. Ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tí Uncle ti ní kí n ṣe ojú ewé ìkẹta kó máa tún orúkọ béèrè. Mo máa ń ní, "Lọ́la, sà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mummy Ṣọlá dé Surrey Quays, wọ́n bá olùtọ́jú mìíràn tí agency ti rán lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n bínú lọ sílé. Aunty Ràmọ́tà wà lọ́dọ̀ dókítà, ọkàn wọn sì balẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ sí Sydenham. Bàbá gbìyànjú láti dìde fúnra ẹ̀. Ọ̀sán ni aládùúgbò kan tó gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ilẹ̀, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn. Kò kú. Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, agency pe Aunty Ràmọ́tà pé wọ́n fi arúgbó sílẹ̀. Aunty ní àwọn ti dá shift náà padà. Agency ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn. Agency ní kí Aunty jókòó sílé títí ìpàdé á fi wáyé.

Ọjọ́ Àìkú ni màmá mi sọ fún mi, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n sọ ti Ràmọ́tà, wọ́n fi ti Mummy Ṣọlá lé e, bíi pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Mo ní, "Ó mà ṣe o," mo sì ń bá ẹ̀wà ṣíṣà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Uncle lọ wá oníbàárà tuntun, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣí ẹ̀yìn server. Mo wá fáìlì náà, mo rí i. Orúkọ méjèèjì wà nínú ẹ̀: Ràmọ́tà tó kọ́kọ́ wọlé, ìgbà tó mú ọjọ́ Ẹtì, Ṣọlá tó wọlé lé e lórí, àti aago gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kà á tí kò ní lóye. Ohun tí mo nílò kò ju kí n ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sí ibòmíì, ìlà àṣẹ kan péré. Mo kọ ìlà náà. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mò ń rò ó pé, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó di òótọ́ nìyẹn, pé èmi ni mo wó bàbá yẹn mọ́lẹ̀. Mò ń rò ó pé Uncle máa pàdánù agency. Mò ń ronú nípa "Ó mọ́". Mo mọ̀ pé ìwà ọ̀dájú ni, kí èèyàn máa ronú nípa ọ̀rọ̀ méjì nígbà tí arúgbó wà ní ọsibítù. Mo rò ó síbẹ̀.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Aunty Ràmọ́tà ni. Wọn ò pariwo ìka méjì. Wọ́n fi ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga mi.

"Ọmọ mi, o rántí pé mo wá síbí lọ́jọ́ Rú?"

"Mo rántí, mà."

"Ó sì ní òun ti gbà á."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹ̀rọ yẹn ò wá lè jẹ́rìí mi? Kò máa ń rántí ni?"

Fáìlì náà wà níwájú wa. Lẹ́tà ẹ̀ kéré, ojú wọn ò sì tíì sàn. Mo ní, "Mi ò mọ̀, Aunty. Màá wò ó."

"Jọ̀ọ́, bá mi wò ó dáadáa. Bàbá yẹn á máa pè mí." Wọ́n fọwọ́ gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́, wọ́n lọ. Mo jókòó. Mò ń wo aago tó wà ní igun kọ̀ǹpútà títí ó fi di méjìlá. Ètò tí mo fọwọ́ ara mi kọ gbálẹ̀. Ó mọ́.

Uncle dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Mo sọ fún wọn, nípa Mummy Ṣọlá, nípa ojú ewé mìíràn tí mo ṣí fún wọn, nípa ojú ewé ìkẹta tí mi ò tíì tún ṣe. Wọ́n gbọ́ mi tán.

"Session náà dà?"

"Ó ti lọ, sà. Aago méjìlá."

"Ṣé o rí i kó tó lọ?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Wọn ò pariwo mọ́ mi. Ì bá dáa kí wọ́n pariwo. Wọ́n já ìwé tí mo fi bírò pupa kọ kúrò lára ògiri, wọ́n ká a, wọ́n fi í sínú àpò wọn. Wọ́n ní, "Sọ̀ kalẹ̀. Lọ jókòó sọ́dọ̀ alágbàfọ̀." Mo jókòó síbẹ̀ títí alágbàfọ̀ fi ti ilẹ̀kùn.

A lọ sí ìpàdé agency, èmi àti Uncle. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Obìnrin tó ń darí ìpàdé ní òun gbọ́, ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Uncle ní kò sí mọ́. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè sọ láti gba aládùúgbò ẹ̀ sílẹ̀, àti pé shift Mummy Ṣọlá tó dá padà ò fi hàn pé ti Aunty la fẹ́ dá padà. Aunty Ràmọ́tà jókòó lápá ọ̀tún mi. Wọn ò wo ojú mi pẹ̀lú ìbínú rárá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo wá.

Agency yọ Aunty Ràmọ́tà níṣẹ́. Kò sí agency mìíràn tó gbà wọ́n, nítorí ohun tí wọ́n kọ nípa wọn ń tẹ̀ lé wọn kiri. Bàbá Sydenham ò padà sílé ẹ̀ mọ́. Agency gba iṣẹ́ wọn kúrò lọ́wọ́ Uncle, Uncle sì ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú. Ìwé tí wọ́n ká sínú àpò yẹn, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mú un lọ. Ọjà ni mò ń tò sórí pẹpẹ báyìí ní Surrey Quays.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ máa ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ náà. Mi ò mọ ohun tí màá sọ. Wọ́n á sọ fún yín pé ọgbọ́n ló gbà. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé nǹkan ẹlẹ́ni máa wà lọ́wọ́ yín, ẹlẹ́ni ò ní rí yín, ọjọ́ kan á wá wà tí ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mi ò yege ọjọ́ yẹn. Mi ò rò pé ó máa tún padà wá.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìpara àti irun ni Aunty Ràmọ́tà wà báyìí, ní Rye Lane. Tí mo bá kọjá, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, o ti jẹun?" Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀rọ yẹn ò tíì rántí?" Mo máa ń ní, "Rárá, mà."

Aunty máa ń ka ìwé ìròyìn yìí lóṣooṣù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ojú ewé yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí. Mo sì bẹ olóòtú pé kí wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá tẹ̀ ẹ́.

Aunty, nígbà tí ẹ fi ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga mi lọ́jọ́ yẹn, ogún ìṣẹ́jú ló kù kí aago méjìlá lù. Orúkọ yín wà níbẹ̀. Mò ń wò ó.